Orúkọ Tó Lọ sí Máàsì

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tó pa òwe yìí kò gbé Ìgàndó rí, kò sì fẹ́ irú ọkọ tí mo fẹ́. Ká ní ó gbé ibẹ̀ ni, ì bá ti mọ̀ pé àwọn kan wà láyé tí kì í wo ilé rárá. Sánmà ni wọ́n ń wò. Ọ̀gbàrá ti gbẹ́ iwájú ilé wọn di kòtò tí ewúrẹ́ ń já sí, wọn ò rí i. Ṣùgbọ́n yanrìn pupa tó wà níbi tí ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn kò tíì tẹ̀ rí, ẹ bi wọ́n, wọ́n á sọ bó ṣe jìn tó, bó ṣe tutù tó, àti ibi tí òkúta ńlá wà nínú rẹ̀.

Ẹgbẹ́ Afojúsánmà ni wọ́n ń pe ara wọn. Àgbàlagbà mẹ́jọ ni wọ́n. Kọ́lápọ̀ Ọládòṣù, ọkọ mi, ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Henry, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n, ni ààrẹ. Ọkùnrin yẹn kò lè kí ènìyàn káàárọ̀ láìkọ́kọ́ wúkọ́ bí ẹni tó fẹ́ ka ìwé òfin. Bọ̀dá Múrítàlá, ọmọ onílẹ̀ tí bàbá ńlá rẹ̀ ta àdúgbò wa fún àwọn tó tà á fún wa, ló ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ti ń pàdé. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí ilé yẹn ti wà láìní òrùlé. Òkú ilé ni àwa ará àdúgbò ń pè é. Àwọn ẹgbẹ́ ń pè é ní ibùdó ìwo-ìràwọ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ẹ̀rọ kan ni wọ́n gbé sórí bí ẹrù ọjà. Àwọn òyìnbó kan rán an lọ sí Máàsì, ìràwọ̀ pupa tó máa ń pọ́n bí ẹyin iná lójú ọ̀run. Kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Kò ní táyà, kò sì ní rìn. Ibi tó bá balẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni yóò wà títí tí yóò fi kú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó na apá, kó ya fọ́tò, kó sì gbé etí lé ilẹ̀, kó gbọ́ bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ ń mì. Oṣù méje ló máa fi rin ìrìn àjò náà. Ìyá ìyá mi ló tọ́ mi dàgbà, ó sì fi oríkì wẹ̀ mí bí ẹní fi ọṣẹ wẹ ọmọ, nítorí náà nígbà tí Bàbá Ẹ̀bùn, ọkọ mi, ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún mi tán, mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì í nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi:

Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kò mọ ìrìn,
Ọlọ́wọ́ gígùn tí kò lè họ ara ẹ̀,
Àlejò tó wọlé tí kò kí onílé,
Ó foṣù méje lọ gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń mì;
Táńkà epo ń mi Ìgàndó, kò wá gbọ́ tiwa.

Bàbá Ẹ̀bùn kò rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ẹ̀bùn, ẹnu ẹ mú jù."

"Ẹnu tó mú yìí náà ló ń gbàdúrà fún yín," mo ní.

Kì í ṣe òun ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ o. Àbúrò rẹ̀ ni, àbíkẹ́yìn Màmá, ìyá ọkọ mi. Orúkọ tí bàbá ọmọ náà sọ ọ́, èmi kì í pè é. Ìyàwó ilé ni mí. Bí mo ṣe wọlé wọn ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, mo bá a nílé, ọmọ ilé ọkọ mi ni, mo sì gbọ́dọ̀ fún un lórúkọ tèmi. Ìyá ìyá mi máa ń sọ pé ìyàwó tó bá ń pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín sí mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó, eyín rẹ̀ funfun báláú, ni mo bá sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Orúkọ yẹn ni mo ń pè é, orúkọ yẹn ló sì ń dá mi lóhùn sí.

Olùkọ́ ni Eyínfúnjowó. Ó ra awò awọ̀nàjíjìn àlòkù kan ní ibùdókọ̀ Pleasure, ó gbé e gun orí dẹ́kìn, kọnkéré òkè ilé Bọ̀dá Múrítàlá, ó sì fi òṣùpá han àwọn àgbàlagbà mẹ́jọ tí wọn kò rò pé àwọn ṣì lè rí nǹkan tuntun láyé mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Èmi náà wò ó lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní purọ́, ó dára.

Ibà mú un lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Nígbà tó fi di Fúráìdé, a ti sin ín. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Láti ọjọ́ yẹn, orúkọ rẹ̀ di ohun tí a ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá nínú ilé. Bàbá Ẹ̀bùn á ní "ẹni wa". Ẹ̀bùn ọmọ wa, a ti kìlọ̀ fún un pé kó má dárúkọ bọ̀dá rẹ̀ níwájú ìyá àgbà. Màmá fúnra rẹ̀, tó máa ń ki ọmọ náà ní "Àjàgbé" láàárọ̀ títí gbogbo ojúlé á fi jí, "ọmọ yẹn" ló kù tó ń sọ. Èmi ní tèmi kì í kúkú pè é tẹ́lẹ̀.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn tó ni ẹ̀rọ kéde pé ẹnikẹ́ni lágbàáyé tó bá fẹ́ kí orúkọ òun bá ẹ̀rọ náà lọ sí Máàsì, kó fi orúkọ ránṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á kọ gbogbo orúkọ náà sára nǹkan kan tí kò tó èékánná. Bàbá Ẹ̀bùn pè mí láti ibi iṣẹ́ ní Ìkẹjà lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Dátà ti tán lórí fóònù rẹ̀.

"Ìyá Ẹ̀bùn, jọ̀ọ́, bá mi kọ orúkọ wa síbẹ̀. Tìẹ, tèmi, ti Ẹ̀bùn, ti Màmá." Ó wá pe orúkọ tí kò tíì pè láti ọjọ́ ìsìnkú: "Ti Olúwakáyọ̀dé náà. Tirẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Àdírẹ́sì ímeèlì ẹgbẹ́ ni kó o fi síbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Henry ló máa gba ìwé ẹ̀rí."

Aṣọ ilé-ìwé méjìlá ló wà níwájú mi, tí wọ́n ń bọ̀ wá gbà kílẹ̀ tó ṣú. Àtàǹpàkò kan ni mo fi ń tẹ fóònù, ẹsẹ̀ mi wà lórí ẹ̀rọ. Mo kọ tèmi, mo kọ ti ọkọ mi, mo kọ ti Ẹ̀bùn àti ti Màmá. Nígbà tó kan ti ọmọ náà, ọwọ́ mi dúró. Kì í ṣe pé mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ohun tí ẹnu kò pè rí, ọwọ́ náà ń sá fún un. Mo sì tún sọ lọ́kàn mi pé, ta ni yóò tiẹ̀ kà á? Yanrìn? Òkúta? Ìranù ni gbogbo rẹ̀ kúkú jẹ́. Mo kọ Eyínfúnjowó sí àpótí àkọ́kọ́, mo kọ Ọládòṣù sí ìkejì, mo tẹ̀ ẹ́ lọ. Mo padà sídìí aṣọ ọlọ́mọ. Kó tó di ọjọ́ kejì mo ti gbàgbé.

Ọjọ́ Sátidé kan ní ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀rọ náà balẹ̀. Ẹgbẹ́ ní kí àwọn ìyàwó náà wá. Mo lọ, kí n lè fojú ara mi rí ohun tí mo máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Àkàbà onígi la gùn dé orí dẹ́kìn. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan lé orí àga, gbogbo wọn sì dojú kọ ọ́ bí ẹni tó ń retí kí dókítà jáde. Nínú kọ̀ǹpútà náà, àwọn òyìnbó tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ kan náà jókòó, wọn ò sọ nǹkan kan. Àwọn tiwa náà ò sọ nǹkan kan. Lójijì ni àwọn òyìnbó fò sókè. Àwọn tiwa fò. Bàbá Ẹ̀bùn ń sunkún. Ọ̀gbẹ́ni Henry kò rí ẹni dì mọ́, ó dì mọ́ táńkì omi.

"Ó ti gúnlẹ̀!" ló ń pariwo. "Ó ti gúnlẹ̀ láyọ̀!"

"Ta ló rí onílẹ̀ ibẹ̀?" Bọ̀dá Múrítàlá bèèrè. "Kí wọ́n yáa tètè wá ẹbí náà rí o. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti fi ọ̀dà pupa kọ 'Ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà' sí i lára."

"Bọ̀dá Múrí, ẹ̀yin náà lẹ mọ̀ ọ́n kọ," mo ní.

"Iṣẹ́ bàbá mi ni, Ìyàwó. Kí ni kí n ṣe?"

Láti ọjọ́ yẹn, ó dà bíi pé ọmọ tuntun ló wà nílé wa. Lọ́jọ́ kejì, fọ́tò àkọ́kọ́ dé. Eruku ló kún inú rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà kan ṣoṣo ló hàn. Wọ́n ń wò ó bí ọkọ ṣe máa ń wo fọ́tò oyún tí wọ́n yà nílé ìwòsàn, tí kò mọ orí yàtọ̀ sí ìdí, tó sì ń búra pé imú bàbá òun ni. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀rọ náà la apá méjì tó fi ń gba oòrùn, wọ́n rí roboto bí àtẹ ata. Ọ̀gbẹ́ni Henry kọ ọ́ sórí Wasáàpù: ó ti la apá! Ẹni méje dáhùn pé ògo ni fún Ọlọ́run. Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí wọn ò mú iná wá sí Ìgàndó. Ẹ̀rọ tó wà ní Máàsì ní iná.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Bàbá Ẹ̀bùn ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ bàtà tó ti ń ròyìn. Ó ní àwọn tó ni ẹ̀rọ kò tíì gbé ẹrù tó rù kalẹ̀. "Wọ́n ń ya fọ́tò ilẹ̀ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni. Wọ́n tiẹ̀ kó yanrìn jọ sínú yàrá kan lọ́dọ̀ wọn, wọ́n fi ń dánra wò. Ó lè tó oṣù méjì kí wọ́n tó gbé nǹkan kan lélẹ̀."

"Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu yín ń sọ," mo ní. "Àwọn tó ni ẹ̀rọ ń wo ilẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹrù lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ò ní abẹ́rẹ́ níbẹ̀ lẹ̀ ń wo òkè."

Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan. "Kí ni ẹ̀rọ yìí ṣe fún ẹ gan-an ná?"

Kò ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹni tó kọ́ wọn ní òkè wíwò ni mi ò rí mọ́, ni inú ṣe ń bí mi sí gbogbo àwọn tó ṣẹ́kù.

Bọ̀dá Múrítàlá ló dá àbá ìsọmọlórúkọ. Ó ní ohun tó bá délé ayé, ọjọ́ kẹjọ là ń sọ ọ́ lórúkọ. Sátidé tó ń bọ̀ ló pé ọjọ́ kẹjọ tí ẹ̀rọ náà gúnlẹ̀, kí ẹgbẹ́ wá oyin àti orógbó.

Ọ̀gbẹ́ni Henry wúkọ́. "Àbá tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Máàsì fi ogójì ìṣẹ́jú gùn ju ọjọ́ tiwa lọ. Bí a bá fi ti ibẹ̀ ṣírò rẹ̀, aago mẹ́rin kọ́ ló máa pé. Wákàtí márùn-ún ló máa fi lé."

"Ṣé ará Máàsì ló fẹ́ wá jẹ ìkómọ ni, àbí àwa? Aago Ìgàndó la máa lò jàre."

Wọ́n tún fi ọjọ́ méjì jà lórí orúkọ. Ọ̀gbẹ́ni Henry fẹ́ Tòkunbọ̀. Bọ̀dá Múrítàlá ní ẹni tó bá bọ̀ là ń pè bẹ́ẹ̀, èyí kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń bọ̀. Wọ́n fẹnu kò sórí Abíọ́nà. Àwọn bàbá onílé, àwọn bàbá ọlọ́mọ, lórí irin.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá sọ irin lórúkọ tán, wọ́n á wá ka orúkọ gbogbo ẹni tó bá a rìnrìn àjò. Ọ̀gbẹ́ni Henry ti tẹ àwọn ìwé ẹ̀rí náà sórí bébà, ọ̀kọ̀ọ̀kan dà bíi tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù. Ó kó wọn sínú àpò ìwé láìka orúkọ ara wọn, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Wọ́n ní kó jẹ́ kí àwọn wò ó, ó ní a kì í gbọ́ orúkọ ọmọ kó tó pé ọjọ́ kẹjọ. Kódà Bàbá Ẹ̀bùn tó jẹ́ akọ̀wé kò rí inú rẹ̀.

Lọ́sàn-án Fúráìdé, Màmá wọlé bá mi nídìí ẹ̀rọ. Ó gbé bùbá léèsì aláwọ̀ ewé kan lọ́wọ́, òórùn káfọ̀ ń jáde lára rẹ̀.

"Ìyàwó, bá mi gbá a wọlé díẹ̀. Ara mi ti fọn."

"Màmá, léèsì wo rèé? Mi ò rí i lára yín rí."

"Òun ni mo wọ̀ lọ́jọ́ tí a sọ ọmọ yẹn lórúkọ. Mi ò wọ̀ ọ́ mọ́ látìgbà náà." Ó jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó lé. "Ṣé o mọ̀ pé lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló pè é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ẹni mẹ́rìnlélógún. Mo kà wọ́n. Bàbá rẹ̀ pè é, wọ́n ń gbà á lẹ́nu ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí a sin ín, àlùfáà nìkan ló pè é. Ẹ̀ẹ̀kan." Ó na ìka rẹ̀ kan sókè. "Ẹ̀ẹ̀kan ni. Láti ìgbà náà, ẹ̀yin ọmọ ń ṣọ́ mi, ẹ ò fẹ́ kí n sunkún. Ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ tún un gbọ́ kí n tó lọ, lẹ́nu àwọn tí inú wọn ń dùn. Kọ́lápọ̀ ní lórí dẹ́kìn yẹn, wọ́n máa pè é lẹ́ẹ̀mẹta."

Ìgbà yẹn gan-an ni mo rántí. Abẹ́rẹ́ wọ ìka mi, mi ò mọ̀ àfìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kán sórí léèsì.

"Rọra," Màmá ní. "Kí ló ń lé ẹ?"

Mo fi omi àti iyọ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ náà, mo gbá bùbá wọlé. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, sílé Ọ̀gbẹ́ni Henry. Ó ń bomi rin òdòdó.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ wo ìwé kan nínú àpò yẹn."

"Àpò wo?" Ó mọ̀ ọ́n. "Ìyàwó wa! Ẹ̀yin tí ẹ ní ìranù ni wá?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí sà." Irọ́ ni. Kí Ọlọ́run darí jì mí.

"Ẹ sọ ọ́ lórí dẹ́kìn. Ẹ sọ ọ́ lójúde ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ tiẹ̀ fi ṣe oríkì, ọmọ yín ló ń kì í kiri àdúgbò: ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kò mọ ìrìn." Ó wúkọ́. "Kí lẹ fẹ́ wò nínú rẹ̀?"

Ibẹ̀ ni ẹnu tó mú ti kú. Bí mo bá sọ fún un, ó máa mọ̀ pé ohun tí mo pè ní ìranù ti gba oúnjẹ lẹ́nu mi. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo ẹgbẹ́ á ti mọ̀. Mo rò ó, mo gbé ìtìjú mi sí apá kan, mo gbé Màmá sí apá kejì, ẹ̀yin ará, ìtìjú ló wúwo jù.

"Kò sí nǹkan kan sà. Mo kàn fẹ́ wò ó ni."

"Ó di ọ̀la. A kì í gbọ́ orúkọ ọmọ…"

"…kó tó pé ọjọ́ kẹjọ. Mo ti gbọ́ sà."

Lórí ọ̀kadà, mo gbàdúrà. Mo ní kí Olúwa rọ òjò sórí dẹ́kìn, nínú ọyẹ́. Mo ní kí afẹ́fẹ́ gbé àpò ìwé náà já sínú gọ́tà. Mo bẹ Ọlọ́run ní oríṣiríṣi iṣẹ́ ìyanu tó rọrùn fún mi. Kí n lè la ẹnu sọ òótọ́, n kò gbàdúrà fún ìyẹn. Láàárọ̀ Sátidé mo wọ yàrá Màmá láti kúnlẹ̀ kí n sọ ọ́. Ó ti wọ léèsì, ó ń kọrin ìyìn lábẹ́ imú, ó ní kí n bá òun wé gèlè. Mo wé gèlè.

Nígbà tó fi di aago mẹ́rin, orí dẹ́kìn ti kún. Ọkùnrin méjì ló ti Màmá gun àkàbà. Oyin, iyọ̀, orógbó, obì àti omi wà lórí tábìlì, fọ́tò ẹ̀rọ náà sì wà láàárín wọn nínú àwo, wọ́n fi aṣọ funfun wé e. Ọ̀gbẹ́ni Henry wọ agbádá, ó so táì sínú rẹ̀. Ó gbàdúrà gígùn. Bọ̀dá Múrítàlá ṣe tirẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i, kó má ṣe jẹ́ kí ọmọ onílẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu, a ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ wá kan oyin. Ọmọ kò ní ẹnu. Wọ́n ro ó títí, Ọ̀gbẹ́ni Henry bá a lá a. Ó bá a jẹ orógbó. Ó bá a jẹ obì. Ọmọ tí kò jẹun, bàbá rẹ̀ yó.

"Abíọ́nà!" wọ́n pè.

"Abíọ́nà!"

Ó wá fa ẹnu àpò ìwé ya. Tirẹ̀ ló kọ́kọ́ mú jáde, bó ṣe yẹ ààrẹ. Ó gbé e sókè, ó wúkọ́, ó kà á: "Alàgbà Olóyè Sọ̀fíyọ̀…" Ó yí ìwé náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ kà á tán," Bọ̀dá Múrítàlá ní.

"Ó parí síbẹ̀."

"Orúkọ yín dà?"

Oyè ló ti kó sínú àpótí orúkọ, títí kan Sọ̀fíyọ̀ tó ń jẹ́ nídìí ilẹ̀ wíwọ̀n, oyè sì ti kún un, kò ku àyè fún Henry. Oyè rẹ̀ ti dé Máàsì, òun fúnra rẹ̀ ṣì wà ní Ìgàndó. Bọ̀dá Múrítàlá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, èmi ni ì bá sáré jù nídìí ẹ̀rín yẹn. N kò lè rín in.

Wọ́n pe àwọn yòókù, ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́ta. Wọ́n kan ilé wa. Kọ́lápọ̀ Ọládòṣù. Ìbíyẹmí Ọládòṣù, wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń pe ọ̀daràn ní kóòtù. Ẹ̀bùnolúwa. Adébùnmí, Màmá nìyẹn. Màmá dìde dúró. Ó di ọwọ́ aṣọ rẹ̀ mú, ó gbé ojú sókè, ẹnu rẹ̀ ti là, ó ti ń múra àti gbè é.

Ọ̀gbẹ́ni Henry wo ìwé tó kù. "Eyín…" Ó sún un mọ́ ojú. "Eyínfúnjowó Ọládòṣù."

"Eyínfúnjowó!" gbogbo wọn gbè é, nítorí bí a ṣe ní kí wọ́n ṣe nìyẹn. "Eyínfúnjowó! Eyínfúnjowó!" Nígbà tó fi di ìkẹta, ẹ̀rín ti wà nínú rẹ̀.

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Bọ̀dá Múrítàlá bèèrè. "Àbí àwọn tó ń ta ọṣẹ ìfọyín ló fi tiwọn kún un?"

Bàbá Ẹ̀bùn kò rẹ́rìn-ín. Ó yí orí padà, ó wò mí. Màmá ṣì dúró, ẹnu rẹ̀ ṣì là.

"Ó ku ìwé kan nínú rẹ̀, àbí?" ó bi Ọ̀gbẹ́ni Henry.

Ọ̀gbẹ́ni Henry gbọn àpò náà, ó sì tún wo inú rẹ̀. "Kò kù, Màmá. Ó ti tán."

"Ṣé wọ́n lè bá wa tún un kọ?"

"Wọn ò lè tún un kọ, Màmá. Èyí tó lọ ti dé ibẹ̀."

Màmá jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tẹ́ léèsì orí itan rẹ̀, ó ń tẹ́ ẹ, ó ń tẹ́ ẹ, bí ẹni pé ó rún.

"Èmi ni," mo ní. Ohùn mi ga ju bí mo ṣe rò lọ. "Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Mo lọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí kọnkéré. "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ mọ̀ pé mi ò kì í pè é. Ìyàwó ilé…"

Mo fẹ́ dúró síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, ìtẹríba wà nínú rẹ̀, ìyá ìyá mi ì bá sì gbè mí lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ń bẹ lókè, òkè náà sì sún mọ́ wa gan-an lórí dẹ́kìn yẹn.

"Kì í ṣe ìyẹn nìkan," mo ní. "Ìranù ni mo pè é. Aṣọ oníbàárà wà lọ́wọ́ mi, mo ní kò sẹ́ni tó máa kà á. Mo mọ̀ láti àná, mi ò lè sọ, nítorí pé mo ti bú wọn jù."

Ọ̀gbẹ́ni Henry, tó ní ẹ̀tọ́ láti sọ nǹkan kan sí mi, wúkọ́, kò sì sọ ọ́. Ó dùn mí ju kó sọ ọ́ lọ.

Màmá dá ọwọ́ dúró lórí léèsì náà. Ó ní, "Eyínfúnjowó. Ọdún mẹ́wàá lo fi pè é bẹ́ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Bí o bá pè é láti ilé ìdáná, ó máa ń sáré wá. Bí èmi bá pè é, á ní òun ń bọ̀." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, kò parí rẹ̀. "Kò burú. Orúkọ tó ń jẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ni mo torí ẹ̀ wọ léèsì."

Ó na ọwọ́ sí mi, ó fà mí dìde. Ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó sì gbóná. Ó tún gèlè orí rẹ̀ ṣe, ó jókòó dáadáa, bí ẹni tí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ wà ní itan rẹ̀.

"Èmi ìyá ọkọ rẹ ni mo fún ọ láyè lónìí," ó ní. "Ìyàwó mi, jọ̀ọ́, pe ọmọ mi ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́."